Ṣé ẹrẹ̀ iléeṣẹ́ ìwé àti ọ̀rá inú pàǹtí rẹ̀ lè di epo? Ẹ bá mi yẹ ìṣirò yìí wò

Ọmọ Àwórì, Ọ̀tà:

Mo kí ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Iléeṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà máa ń ra páálí àti ìwé àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣà wọ́n kiri ìgboro. A ó da wọ́n sínú agbada ńlá kan tí ẹ̀rọ ń po omi nínú rẹ̀, a ó pò wọ́n títí wọn yóò fi rí bí ògì, lẹ́yìn náà ni a ó fi wọ́n ṣe ìwé ìnuwọ́ àti páálí tuntun. Èmi ni mo ń bójú tó omi ìdọ̀tí, ohun méjì ló sì ń ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Ọ̀kan ni ẹrẹ̀ aláwọ̀ eérú tó ń rògún sí ìsàlẹ̀ kòtò omi wa. Fọ́nrán ìwé tó ti kúrú jù, yíǹkì, amọ̀ funfun àti ẹfun tí àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìwé náà fi kún un kí ó lè máa dán ló wà nínú rẹ̀. Èkejì ni pàǹtí tí agbada náà ń yà sọ́tọ̀, èyí tí í ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi wé páálí, téèpù, ike, okùn àti píìnnì.

Títí di ìsinsìnyí, ọkọ̀ ni a ń san owó fún láti kó méjèèjì lọ sí ààtàn. Owó ọkọ̀ náà ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹrẹ̀ náà máa ń ṣàn wọ inú gọ́tà àwọn aládùúgbò wa nígbà òjò, èyí tó ń dùn mí púpọ̀ nítorí pé àárín wọn ni mo ń gbé.

Ní oṣù tó kọjá, oníṣòwò kan wá bá ọ̀gá wa pé òun lè ta ẹ̀rọ kan fún wa tí yóò gba ẹrẹ̀ àti pàǹtí ọ̀rá náà pọ̀, tí yóò sè wọ́n nínú àgbá irin tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, nípa ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní páírólísíìsì, tí epo tó dà bí dísẹ́ẹ̀lì yóò sì máa jáde fún jẹnẹrétọ̀ wa. Ó ní bí a bá kó tọ́ọ̀nù kan sínú rẹ̀, epo tí a ó rí yóò lé ní ìdajì tọ́ọ̀nù. Ọ̀gá mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, ó sì ní kí n wádìí rẹ̀ kí àwọn tó sanwó.

Mo sá 100 kílò ẹrẹ̀ tí a ti fún omi rẹ̀ sóòrùn títí ó fi gbẹ pátápátá, 35 kílò ló kù. Mo mú díẹ̀ nínú èyí tó gbẹ lọ sí yàrá àyẹ̀wò ní yunifásítì kan, wọ́n jó o, ìdajì rẹ̀ ló sì di eérú. Nínú 100 kílò pàǹtí ọ̀rá, 60 kílò ló kù lẹ́yìn tí ó gbẹ. Ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí àwọn ike líle kan tí n kò mọ irú wọn. Ṣé ohun tí oníṣòwò náà sọ ṣeé ṣe? Ṣé ó dára kí a po méjèèjì pọ̀? Àti pé kí ni epo náà yóò ṣe fún jẹnẹrétọ̀ wa?

Alágbẹ̀dẹ Òkè-Ògùn, Ìsẹ́yìn:

Ẹ kú iṣẹ́, Ọmọ Àwórì. Inú mi dùn pé ẹ kọ́kọ́ sá ẹrẹ̀ yín sóòrùn kí ẹ tó béèrè ọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn nọ́ńbà tí ẹ mú wá yẹn ti dáhùn èyí tó pọ̀ jù nínú ìbéèrè yín.

Enjiníà ẹ̀rọ ni mí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sun èédú ní Òkè-Ògùn ni mo ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ yìí kí n tó mọ̀ pé ó ní orúkọ kankan. Wọn a to igi jọ, wọn a fi ewé àti koríko bò ó, wọn a fi yẹ̀pẹ̀ rẹ́ ẹ, wọn a sì fi ihò díẹ̀ sílẹ̀ fún èéfín. Igi inú rẹ̀ kò rí afẹ́fẹ́ tó tó láti jó. Ooru kàn ń sè é títí gbogbo ohun tó lè di èéfín yóò fi jáde, èédú ni yóò sì ṣẹ́kù. Èéfín tó nípọn tó ń jáde yẹn kì í ṣe ohun lásán, nítorí pé omi, ọ̀dà àti gáàsì tó lè jó ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ tà fún yín fi irin rọ́pò yẹ̀pẹ̀, ó sì ń gba èéfín náà sínú páìpù tútù gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń ṣe ògógóró ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ṣe ń gba oru ọtí wọn. Èyí tó bá lè tutù yóò di epo, èyí tí kò bá lè tutù yóò padà sábẹ́ àgbá gẹ́gẹ́ bíi gáàsì tí a fi ń dáná. Ọ̀rá yàtọ̀ sí igi ní ti pé, bí ooru rẹ̀ bá ti dé nǹkan bí 400 sí 500 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ń di oru, tí èédú tó ń fi sílẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí á wá kó tọ́ọ̀nù kan jọ báyìí, kí á mú 500 kílò ẹrẹ̀ àti 500 kílò pàǹtí ọ̀rá. Nípa ìwọ̀n tí ẹ fúnra yín ṣe, ẹrẹ̀ náà yóò gbẹ ku 175 kílò, pàǹtí ọ̀rá yóò sì gbẹ ku 300 kílò. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 475 kílò. Ìyókù, tí í ṣe 525 kílò, omi ni. Oníṣòwò náà wá ṣèlérí epo tó lé ní 500 kílò láti inú ohun gbígbẹ tí kò tó 500 kílò, tí nǹkan bí 87 nínú rẹ̀ sì jẹ́ amọ̀ àti ẹfun tí kò lè di epo láéláé. Bí omi bá bá epo jáde nínú páìpù tútù, wọ́n lè wọn méjèèjì pọ̀ kí wọ́n sì pe gbogbo rẹ̀ ní epo. N kò mọ̀ bóyá ohun tó ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n nínú irú tọ́ọ̀nù tiyín yìí, n kò rí ọ̀nà mìíràn tí nọ́ńbà yẹn lè gbà jáde. Bí iṣẹ́ bá lọ dáadáa, epo tí mo lérò pé ẹ lè rí nínú tọ́ọ̀nù náà kò ní ju 100 sí 150 kílò lọ, inú ọ̀rá ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ yóò ti wá.

Ìṣirò ooru tún wà lẹ́yìn èyí, òun gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù. Mẹ́gájùùlù ni a fi ń wọn ooru. Láti sọ kílò omi kan di oru ń gba nǹkan bíi 2.6, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti omi tí kò gbóná. Nínú 100 kílò ẹrẹ̀ yín, 65 kílò omi ló wà, èyí tí yóò gba nǹkan bíi 169. Kílò ẹrẹ̀ gbígbẹ kan tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ eérú ní nǹkan bíi 8 nínú, nítorí náà 35 kílò rẹ̀ ní nǹkan bíi 280. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún agbára inú ẹrẹ̀ náà ni yóò ti lọ sórí gbígbẹ omi rẹ̀, kó tó di pé a sọ̀rọ̀ nípa ooru tó ń jò dànù lára ẹ̀rọ ìgbẹ́mi, tó máa ń pọ̀. Ẹ wá fi pàǹtí ọ̀rá wé e: 40 kílò omi inú rẹ̀ yóò gba 104, ṣùgbọ́n 60 kílò tó gbẹ, bí a bá fi nǹkan bíi 30 sí kílò kọ̀ọ̀kan, ní 1,800 nínú. Ìpín 6 péré ni omi rẹ̀ gbà. Kò sí asunèédú kankan tó jẹ́ to igi tútù jọ kí ó sì retí èédú lọ́sẹ̀ kan náà, nítorí pé ó mọ̀ pé igi náà ni yóò fi gbẹ ara rẹ̀.

Abíọ́dún, Birmingham:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wa tó ṣe ìṣirò òkè yìí, n kò ní tún un ṣe. Kẹ́mísírì ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ibi tí ìbéèrè yín ti kàn án ni mo fẹ́ dúró sí: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nínú àgbá náà bí a bá po méjèèjì pọ̀.

Ẹrẹ̀ tí a fọ yíǹkì kúrò lára ìwé kì í ṣe ohun tuntun fún àwọn tó ń ṣèwádìí. Ní Yunifásítì Aston tó wà ní ìlú tí mo ń gbé yìí, wọ́n ti gbẹ irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ ọ́n ní kóró kéékèèké, wọ́n sì sè é láìsí afẹ́fẹ́. Epo jáde nínú rẹ̀ lóòótọ́, epo tó sì dára, ṣùgbọ́n kò pọ̀; èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n rí ni èédú tó kún fún eérú. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí lọ́dọ̀ yín, nítorí pé ohun tí ẹ kó wọlé ni yóò jáde, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ amọ̀ àti ẹfun.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa fọ́nrán ìwé ni pé ara igi ló ti wá, ọ́síjìn sì wà nínú igi fúnra rẹ̀. Nígbà tí a bá sè é, ọ́síjìn yẹn yóò bá epo jáde gẹ́gẹ́ bí omi àti ásíìdì, irú èyí tó ń mú ọtí kíkan kan. Epo igi lásán kò ju ìdajì agbára dísẹ́ẹ̀lì lọ nínú kílò kan, ó ń jẹ irin, kò sì lè po pọ̀ mọ́ dísẹ́ẹ̀lì, ńṣe ni yóò ya sọ́tọ̀ bí omi ṣe ń ya lára epo pupa. Ọ̀rá ní tirẹ̀ kò ní ọ́síjìn nínú, háídírójìn ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sè wọ́n pọ̀ ní ìwọ̀n tó tọ́, háídírójìn ara ọ̀rá máa ń bá oru fọ́nrán ìwé pàdé nínú àgbá, epo tó jáde sì máa ń dára ju àwọn méjèèjì tí a sè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí a tó pò wọ́n. Nítorí náà, ẹni tó sọ fún yín pé kí ẹ pò wọ́n kò parọ́ lórí èyí. Ọ̀rá ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí ẹrẹ̀ tó gbẹ jẹ́ díẹ̀.

Àwọn ike líle tí ẹ kò mọ irú wọn ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní kókó. Bí wọ́n bá jẹ́ PVC, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi àti awọ ara wáyà, kilorínì ni ó tó ìpín 57 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n wọn. Bí ooru wọn bá ti kọjá 250, kilorínì náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde gẹ́gẹ́ bí ásíìdì olóoru, yóò jẹ páìpù yín, yóò wọ inú epo, yóò sì ba jẹnẹrétọ̀ jẹ́. Ẹ̀rọ tó dára máa ń kọ́kọ́ dá ooru dúró ní nǹkan bíi 300 kí ásíìdì yẹn lè jáde lọ sínú omi tí wọ́n ti po ẹfun sí, kí wọ́n tó wá gbé ooru sókè fún ọ̀rá. Ìròyìn ayọ̀ kan wà fún yín níhìn-ín, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ẹfun tó wà nínú ẹrẹ̀ yín, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní eérú tí kò wúlò, lè gbá díẹ̀ nínú ásíìdì kilorínì yẹn mú kí ó sì dè é mọ́ inú èédú. Fún ìdí yìí nìkan, ẹrẹ̀ gbígbẹ díẹ̀ nínú ọ̀rá kì í ṣe àdánù. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ooru kọjá 600, nítorí pé bó bá ti ń súnmọ́ 700, ẹfun náà fúnra rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú, yóò sì máa gba ooru lọ́wọ́ yín lásán.

Ìgò omi àti ti mínírà, tí í ṣe PET, ẹ máa ṣà á kúrò. Ọ́síjìn wà nínú rẹ̀, ó máa ń fi ìyẹ̀fun ásíìdì kan sínú páìpù tútù tí yóò dí i, àwọn tó ń ra ìgò yẹn ní kílò-kílò sì wà ní Èkó àti ní Ọ̀tà fúnra rẹ̀.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, epo tó kọ́kọ́ jáde nínú ọ̀rá kì í ṣe dísẹ́ẹ̀lì, àkópọ̀ ni. Èyí tó fúyẹ́ bíi bẹntiróòlù, èyí tó dà bíi dísẹ́ẹ̀lì àti èyí tó ń dì bí òrí ló jọ wà nínú rẹ̀. Ìpara tó dà bí òrí yìí ni yóò máa dí asẹ́ epo jẹnẹrétọ̀ yín ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Bí ẹ bá sì tọ́jú epo náà pẹ́, ó máa ń di gọ̀ọ́mù díẹ̀díẹ̀. Bí wọn kò bá yà á sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n sì fọ̀ ọ́, inú bọ́ílà tó ń ṣe oru fún ẹ̀rọ ìwé yín ni ààyè rẹ̀ wà.

Ìyá Ìbejì, Agbárá:

Ọ̀rọ̀ kẹ́mísírì yẹn yé mi dáadáa, ẹ ṣé, àbúrò mi. Àmọ́ mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí yóò dúró ti ẹ̀rọ náà, nítorí pé ètò ààbò àti àyíká ni mo ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́, n kò sì lè gbàgbé ohun tí mo rí níbì kan tí n kò ní dárúkọ. Irú àgbá tí a ń kó nǹkan sí, tí a ń dáná sí, tí a sì ń ṣí lẹ́yìn tó bá tutù ni wọ́n ń lò. Wọ́n ń kánjú láti kó òmíràn sí i, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì gbóná. Afẹ́fẹ́ wọlé bá gáàsì tó kù níbẹ̀, iná sì bú jáde lójú ọmọkùnrin tó di ilẹ̀kùn náà mú. Ó yè é, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí èmi yóò bi oníṣòwò yẹn ni bí àgbá náà ṣe ń fi náítírójìn lé afẹ́fẹ́ jáde kí iná tó wọlé, àti ohun tí kò ní jẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé ṣí kí ó tó tutù. Bí kò bá lè dáhùn èyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dé orí ọ̀rọ̀ iye epo.

Kì í ṣe àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní Fürth ní ilẹ̀ Jámánì, Siemens kọ́ ibi ńlá kan tí wọn yóò ti máa se pàǹtí ìlú láìsí afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó jó gáàsì rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1998, pàǹtí dí inú àgbá rẹ̀ pa, gáàsì jò síta, wọ́n sì gbé àwọn ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ lẹ́yìn náà. Okùn àti píìnnì tí ẹ sọ pé ó wà nínú pàǹtí yín, irú wọn ló ń dí ẹnu àgbá.

Ẹ tún kíyè sí epo fúnra rẹ̀. Nítorí bẹntiróòlù tó wà nínú rẹ̀, ó máa ń gbiná ní ooru tó kéré sí èyí tí dísẹ́ẹ̀lì ń gbiná, ẹni tó bá sì tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń tọ́jú dísẹ́ẹ̀lì ti ń fi ẹ̀mí àwọn òṣìṣẹ́ wéwu.

Ní ti èéfín, níbi tí kilorínì bá ti bá afẹ́fẹ́ pàdé, tí oru náà sì ń tutù láti nǹkan bíi 450 bọ̀ wá sí 200, oró tí wọ́n ń pè ní dáyọ́síìnì lè dá sílẹ̀, kọ́pà a sì máa ràn án lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ yíǹkì aláwọ̀ búlúù tí a fi ń tẹ àwòrán sára páálí ní kọ́pà nínú, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Bí ó bá jẹ́ pé gáàsì rẹ̀ ni ẹ ó jó, kí ó jó tán ní iná tó gbóná dáadáa, kí a sì mú kí èéfín náà tutù kíákíá.

Èédú tó bá ṣẹ́kù, òjé àti síǹkì tó wà nínú yíǹkì àti ike yóò dúró sínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún àgbẹ̀ kankan pé ajílẹ̀ ni kí yàrá àyẹ̀wò tó sọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé wọn yóò wá béèrè, nítorí pé dúdú rẹ̀ jọ ilẹ̀ ọlọ́ràá.

Òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká ti wà láti ọdún 1992, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, sì wà láti ọdún 2007. Kí ọ̀gá yín kàn sí wọn àti sí àjọ àyíká ìpínlẹ̀ Ògùn kí ẹ̀rọ tó dé èbúté, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ Àwórì, Ọ̀tà:

Mo dúpẹ́ púpọ̀, ẹ̀yin àgbà mi. Mo tẹ ìṣirò 475 kílò yẹn sórí ìwé, mo sì gbé e fún ọ̀gá mi láàárọ̀ yìí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní kí n pe oníṣòwò náà. Oníṣòwò náà sọ pé ọ̀rá gbígbẹ mímọ́ ni òun fi ṣe ìdánwò tirẹ̀, pé òun kò tíì fi ẹrẹ̀ ìwé sínú ẹ̀rọ náà rí.

Mo ṣà àwọn ike líle náà. Díẹ̀ nínú wọn rì sínú omi, ìyókù léfòó. Gáàsì tí páìpù ń gbé wá ni bọ́ílà wa ń lò, owó rẹ̀ sì ń wọ̀ wá lọ́rùn. Ẹrẹ̀ yìí ṣì wà lọ́wọ́ mi, òjò sì ń bọ̀. Bí kò bá ṣe ẹ̀rọ yìí, kí ni kí n ṣe sí i?

Alágbẹ̀dẹ Òkè-Ògùn, Ìsẹ́yìn:

Èyí tó léfòó ni ọ̀rá àti àwọn ike tó jọ ọ́, òun ni ẹ fẹ́. Èyí tó rì ni PVC àti PET máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ ti fi agbada omi lásán ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí a ra ẹ̀rọ fún, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ fún ẹrẹ̀ yín sí i. Ẹ̀rọ ìfúnmi oníyípo, irú èyí tó ń yí bí ẹ̀rọ ìlọta, lè gbé e láti ìpín 35 gbígbẹ dé nǹkan bíi 50. Nígbà náà, 100 kílò tí ẹ ń gbé lọ sí ààtàn yóò di 70 kílò, omi 30 kílò yóò ti jáde láìfi iná kankan sè é, ooru tí ẹ nílò fún èyí tó kù yóò sì wálẹ̀ láti 169 sí 91. Owó ọkọ̀ nìkan lè san gbèsè ẹ̀rọ yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi páánù tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ṣe òrùlé sórí ibi tí ẹ ti ń sá a, kí ẹ sì darí ooru tó ń jáde lórí ẹ̀rọ ìgbẹ́wèé yín síbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ooru yẹn ń bá òrùlé lọ lásán.

Bí fọ́nrán inú ẹrẹ̀ náà bá ṣì gùn díẹ̀, ẹ bi àwọn tó ń ṣe páálí ẹyin. Àwọn olóko adìyẹ ìpínlẹ̀ Ògùn ń lò ó púpọ̀, iṣẹ́ náà kò sì nílò fọ́nrán tó dára bíi ti ìwé ìnuwọ́. Èyí tí kò bá ṣeé lò níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tó wà ní Ewékorò. Ohun tí sìmẹ́ǹtì fi ń dá ni òkúta ẹfun àti amọ̀, tí a sè títí dé nǹkan bíi 1,450, amọ̀ àti ẹfun inú ẹrẹ̀ yín á sì di ara sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ láìsí eérú tí a ó tún wá ibi dà sí. Wọn yóò bi yín nípa kilorínì àti omi, nítorí náà ẹ mú èsì àyẹ̀wò dání.

Pàǹtí ọ̀rá nìkan ni kí ẹ máa rò fún páírólísíìsì, bẹ́ẹ̀ sì ni kò pọn dandan kí ó di epo. Ní Varkaus ní ilẹ̀ Fínláǹdì, láti ọdún 2001, iléeṣẹ́ páálí kan tó ń tún àpótí wàrà àti ti omi èso lò gbé ọ̀rá àti bébà alumíníọ̀mù tó ṣẹ́kù nínú agbada rẹ̀ lọ sínú àgbá tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń wọ̀. Ọ̀rá náà di gáàsì tí wọ́n jó lójú ẹsẹ̀ nínú bọ́ílà, wọ́n sì rí alumíníọ̀mù gbà padà. Ní Burgau ní Jámánì pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti se pàǹtí ìlú láìsí afẹ́fẹ́ láti àárín àwọn ọdún 1980 títí di ọdún 2015, gáàsì gbígbóná náà ni wọ́n ń jó láti fi ṣe oru; wọn kò dúró láti mú un tutù di epo. Ẹ̀yin ti ní bọ́ílà tó ń gba gáàsì. Bí ẹ bá jó oru ọ̀rá yín kí ó tó tutù, ẹ kò ní bá ìpara tó ń dì bí òrí jà, ẹ kò ní tọ́jú epo tó ń yá gbiná sínú ọgbà, jẹnẹrétọ̀ yín á sì wà ní àlàáfíà.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kankan, ẹ mú 200 kílò pàǹtí tiyín tó ti gbẹ, tí ẹ ti fi omi yà, lọ sí ibi tí ẹ̀rọ irú èyí ti ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ wọn ohun tó wọlé, kí ẹ wọn epo, omi àti èédú tó jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì kọ iye gáàsì tàbí igi tí wọ́n fi dáná sílẹ̀. Ẹ bá mi fi àwọn nọ́ńbà yẹn síbí, màá bá yín ṣe ìyókù ìṣirò náà.

Ọmọ Àwórì, Ọ̀tà:

Ọ̀gá mi ti gbà pé kí a béèrè iye owó ẹ̀rọ ìfúnmi náà lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá pàǹtí ọ̀rá sábẹ́ òrùlé láti àná, 200 kílò yóò gbẹ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Mo fi èyí tó rì sínú omi sí ọ̀tọ̀ nínú àpò mẹ́rin, mo sì ti kọ PVC sára wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣèèṣì dà wọ́n pọ̀.